Ìṣọ̀lá àti Orin Faransé Ìyá Mọ́ríìsì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílùú Kétu, lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé mọ́ Yorùbá. Ìṣọ̀lá ni orúkọ rẹ̀, ó sì mọ gìtá ta. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń sáré lórí igi ni ìka rẹ̀ ń sáré lórí okùn. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ ara rẹ̀, àní ó mọ ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò ní sùúrù láti gbọ́ nǹkan dópin. Bí èèyàn bá ń kọ́ ọ lórin, wọn kì í tíì dé ìdajì tí yóò fi ní, "Ó ti yé mi."

Ní àdúgbò wọn ni Ìyá Mọ́ríìsì ń gbé, opó kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ nígbà ayé rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọkọ yìí a gbé àga síta, a ta gìtá, a máa kọ orin Faransé kan tó máa ń múni lọ́kàn, ìyàwó rẹ̀ a sì máa gbè é lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ orin lẹ́nu obìnrin yìí mọ́. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ló máa ń panu mọ́.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó pe Ìṣọ̀lá, ó fún un ní kásẹ́ẹ̀tì tí olóògbé gba ohùn ara rẹ̀ sí.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi kọ́ orin yìí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orin kékeré lèyí."

"Ṣé kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ?"

Faransé Ìṣọ̀lá kò ju èyí tí wọ́n fi ń kíni lọ, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Gìtá ò gbọ́ Faransé."

Ó délé, ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dé ìdajì. Ó ṣàkíyèsí pé bàbá náà máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Àṣé bàbá yìí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ gìtá." Gbogbo ibi tí olóògbé ti dákẹ́ ni Ìṣọ̀lá fi ìka tirẹ̀ dí pátá.

Lọ́jọ́ ìrántí, lẹ́yìn àdúrà, ó dìde, ó sì ta orin náà wàràwàrà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ṣùgbọ́n Ìyá Mọ́ríìsì dorí kodò, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí èrò tú ká, Ìṣọ̀lá sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ṣé kò dùn mọ́ yín ni?"

"Ọwọ́ rẹ yá, ọmọ mi, o ṣeun. Àmọ́ orin ọkọ mi kọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó ń kùn lọ sílé pé ta ni yóò mọ gìtá tó òun ní Kétu. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti jẹun, wọ́n ti gbàgbé. Ẹnì kan ṣoṣo tó torí rẹ̀ ta gìtá ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ, ó bá ìyá náà níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orin yẹn ń sọ?"

Obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọkùnrin kan ló dúró létí odò. Ọkọ̀ ti gbé olólùfẹ́ rẹ̀ lọ. Ó pè é, ó dákẹ́, bóyá yóò jẹ́ ẹ. Kò jẹ́ ẹ. Ó tún pè é. Ibi ìdákẹ́ yẹn ni orin wà, ọmọ mi. Ìwọ ò jẹ́ kí ó retí rárá."

Ìṣọ̀lá sorí kọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé gìtá lọ síwájú ilé ìyá yìí. Kò rọrùn fún un. Ìka tí eré ti mọ́ lára, ìrìn a máa sú u. Bó bá dé ibi ìdákẹ́, ìka a fẹ́ fò, Ìyá Mọ́ríìsì a sì ké sí i pé, "Dúró! Ṣebí ó ń retí èsì!" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ojú a tì í, àmọ́ kò dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ta ìlà àkọ́kọ́, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Kò fi nǹkan kan dí ibi ìdákẹ́ náà. Ó kàn ń retí, bí ọkùnrin etí odò. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn kan tó há díẹ̀, tó ń gbọ̀n. Ìyá Mọ́ríìsì ló ń kọrin! Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ìṣọ̀lá alára kò lè gbójú sókè.

"Tún un ta, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Tún un ta."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Mọ́ríìsì ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù láti Kútọnu, tó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fi imú kọrin, ṣe ló pariwo pé, "Ìyá mi, ẹ̀yin nìyẹn?" Kò pẹ́ tó fi wá kí i nílé. Ìṣọ̀lá náà sì di onígìtá tí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń wá kiri, nítorí kì í ta orin ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi onítọ̀hún ohun tí orin náà jẹ́ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyára kọ́ ni ìmọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ohun tó ń dùn ún lọ́kàn lé yín lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gbọ́ ọ dópin kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Pàtẹ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó ìtùnú ẹnì kan. Àwọn àgbà kò purọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.