Ìwé Tí Hmad Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1. Hmad ni olórí abúlé wa, lórí òkè tó jìnnà díẹ̀ sí ìlú Taroudant. Ó gbayì, ó sì mọ̀ pé òun gbayì. Nígbà tí òyìnbó kan, Joris, dé, tó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ara rẹ̀ ni Hmad fi í wọ̀ sí.

Itto, olùkọ́ wa, ní, "Bàbá, ẹ ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ìlú wọn wá ná, pé kò dáràn rí."

Hmad bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọlọ́pàá lo fẹ́ fi ṣọkọ ni? Àlejò tá a jọ ń jẹun, kí n máa bi í ní ìwé? Ojú á tì mí!"

2. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tuda, ọmọ-ọmọ Hmad, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò jẹun mọ́. Ìyá rẹ̀, Ijja, bẹ̀ ẹ́ títí tó fi jẹ́wọ́ ohun tí Joris ṣe sí i. Kí wọ́n tó dé yàrá rẹ̀, Joris ti sá padà sí ìlú rẹ̀.

3. Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Òfin ìlú Joris ní ọmọ ìlú wọn tó bá ba ọmọdé jẹ́ nílẹ̀ òkèèrè yóò jẹ́jọ́ nílé. Ijja fẹjọ́ sùn, wọ́n sì mú un níbẹ̀. Ọlọ́pàá wọn kan, obìnrin, bá àwọn ọlọ́pàá tiwa gòkè wá. Ó ní, "Ẹ̀rí ọmọ yìí nìkan ló kù."

Ijja ní, "Ó ti ṣe tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ sọ ọ́."

"Kò ní sọ nǹkan kan!" ni Hmad wí. "Ta ló máa fẹ́ ẹ? Ojú wo ni n óò gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí?"

"Bàbá, ojú tiyín kọ́. Ẹ wo ojú ọmọ yìí!"

Kò wò ó. Bàbá ọmọ wà ní ìdálẹ̀, ó sì ti fa àṣẹ lórí ọmọ lé Hmad lọ́wọ́. Hmad fọwọ́ síwèé pé ìdílé kò rojọ́ mọ́, ọmọ kò sì ní sọ̀rọ̀.

4. Nígbà tí kò sí ẹlẹ́rìí, ilé ẹjọ́ ìlú Joris dá a láre. Lọ́dún kejì, a gbọ́ pé ó ti ba ọmọ mẹ́ta jẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn, ó sì tún ti sá lọ. Ìgbà yẹn ni Hmad sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Taroudant.

"Mo fẹ́ gba ìwé mi padà."

"Bàbá, ẹjọ́ Tuda ti parí. Wọn kì í dá ẹjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì," ni ọlọ́pàá ibẹ̀ wí.

Ijja ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Agadir. Hmad pè é. "Jọ̀ọ́, gbé fóònù fún Tuda."

Ijja bi ọmọ náà, ó sì padà sórí fóònù. "Ó ní òun ò mọ̀ yín."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bèèrè ìwé kí àjèjì tó sún mọ́ ọmọ yín. Bí ọmọ bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má fi orúkọ ìdílé dí i lẹ́nu. Òfin tí kò rí ẹlẹ́rìí, bí ẹni tí a dè lọ́wọ́ ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.