Abẹ́rẹ́ Inú Àkísà Funfun

Ìyá tó máa ń lu etí fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Festac ti òwú bọ omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó rọra ń fi nu ìdodo ọmọ rẹ̀. Ọyún ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka kékeré tó wà níbẹ̀. Ọmọ́ṣaléwá ń gé ètè jẹ, ara rẹ̀ gbóná janjan.

"Ìdodo tí mo fi àdín tọ́jú nígbà tóo wà ní jòjòló, òun lo wá lu bí ìlẹ̀kẹ̀?"

"Inú ìwé àwọn òyìnbó ni mo ti rí i, Màámi."

"Kí òyìnbó ọ̀hún wá bá ẹ nù ún nígbà náà." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi orin tó máa ń kọ fún àwọn ìkókó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ onílẹ̀kẹ̀, oró rẹ̀ kì í pẹ́."

Ọdún mẹ́wàá rèé tí wọ́n ti kó wọ Festac, etí ọmọ kankan ò wú lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bó bá ti lu etí tán ló máa ń se abẹ́rẹ́ rẹ̀, táá fi àkísà funfun wé e de ọmọ tó kàn.

"Kí lo tiẹ̀ fi lu ú?"

Ọmọ náà kọjú sí ògiri. "Abẹ́rẹ́ yín ni, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tẹ́ẹ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo nù ún dáadáa kí n tó wé e padà."

Ìyá gbé òwú sílẹ̀. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ló tú àkísà yẹn, tó lu etí ọmọ Sìlífátù ní Alákijà, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ohùn Sìlífátù ni.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi kọ orin yẹn fún un. Láti àná ló ti ń sunkún, kò gba ọmú mọ́."