Ẹni Tí Wọ́n Bí Sílùú Òyìnbó Nìkan La Fẹ́

Rolande ti di Brenda láti àárọ̀ yìí.

"London ni wọ́n bí mi sí," ló ń wí fún ọ̀gá ilé-ìwé tuntun kan ní Ouando. Imú ló fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Bẹ́ẹ̀, kò kọjá Akpro-Missérété tó wà nítòsí rí!

Ọkùnrin tó jókòó tì í, tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òun sí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní Kánádà ni wọ́n ti wẹ òun lọ́mọ tuntun.

Iwájú àwọn tó lèdè ni Rolande ti ń parọ́ yìí. 

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé.

Kí Rolande tó ronú, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ìyá!"

Yéè! Iṣẹ́ ti bọ́!

Ó yọjú wo ẹ̀gbẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà ti nà gbalaja.

Ó wo iwájú. Àga ọ̀gá ṣófo. Ọmọ Kánádà ti dọ̀bálẹ̀, táì rẹ̀ ń gbálẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ìyá wí. Ó wo yàrá náà yíká. "Wọ́n ní òyìnbó ló kún ibí, mo ní kí n wá wò wọ́n. Wọ́n dà?"