Ògiri Bàálù Tí Kò Ní Ojú Nọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń yìn ní gbogbo ìgbà, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, torí ìdí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.
Ní São José dos Campos, nílẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàálù, obìnrin mẹkáníìkì kan wà tó ń jẹ́ Jandira. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tún bàálù ṣe kí wọ́n tó pè é sí yàrá àwọn ayàwòrán, pé kó wá máa sọ ohun tó ń ni mẹkáníìkì lára fún wọn. Evandro ni ọ̀gá yàrá náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àmọ́ etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn.

Evandro ya ògiri fún inú bàálù tuntun kan. Pátákó kan ṣoṣo ni láti ilẹ̀ dé abẹ́ ibi ẹrù tó wà lókè orí èrò, kò sí ojú nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀. Ó dán, ó wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri yìí ni páìpù omi gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni táàpù tí wọ́n fi ń pa omi wà.

Jandira ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe ilẹ̀kùn kékeré síbẹ̀. Tí páìpù bá ń jò, ó yẹ ká lè tètè débẹ̀.”

“Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ṣé o fẹ́ lẹ àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó ni?”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Evandro ní, “Èmi fúnra mi ti tú u wò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré.”

“Ṣé àga ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ tú u?”

Evandro nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ṣé ọlọ́wọ́ gírísì ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́? Padà síbi tí wọ́n ti mú ẹ wá.” Ọjọ́ kejì, Jandira ti padà sí ibùdó àtúnṣe.

Ó dùn ún gan-an, kì í sì í ṣe torí ipò. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra bàálù náà ti sọ ọ́ gbangba pé bí mẹkáníìkì àwọn ò bá lè dé ìdí táàpù yẹn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn ò rà á mọ́. Bí wọn ò bá sì rà á, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló máa lọ jókòó sílé, Jandira náà sì wà lára wọn.

2.
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Neusa, tó wà lára àwọn tó ń ṣe pátákó ògiri náà, bá a níbi tó ti káwọ́ gbera.

Neusa ní, “Ẹkún ò lè tú nọ́ọ̀tì, ọ̀rẹ́ mi. Pátákó tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Jẹ́ n lọ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi.”

Ọ̀gá rẹ̀ fún wọn. Nígbà ìsinmi tí àwọn yòókù ń mu kọfí, àwọn méjèèjì wà nídìí pátákó. Wọ́n gé e sí méjì níbi tí apá àga máa ń dé, wọ́n sì fi bọ́tìnì mẹ́rin tí ọwọ́ lásán lè yí de apá ìsàlẹ̀. Pátákó àkọ́kọ́ já bọ́. Ìkejì dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ Jandira kò wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ìkẹta ló bọ́ sí i. Wọ́n fi ọ̀já ọ̀ṣọ́ bo ojú ibi tí wọ́n gé, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gé nǹkan níbẹ̀.

3.
Ọjọ́ ìdánwò pé. Òfin wọn ni pé ẹni tó ń rà ló máa mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Bàbá kan láti Manaus ni wọ́n mú wá, Abelardo lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti to gbogbo àga sínú ọkọ̀ bí èrò ṣe máa jókòó sí i.

Bàbá Abelardo tú ògiri lókè, níbi tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ fara pamọ́ sí lábẹ́ ibi ẹrù, ó fẹ́ dà á síwájú kó lè yọ. Ògiri kọ lu ẹ̀yìn àga. Ó tú àga yẹn, ògiri tún kọ lu ti iwájú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, kò tíì fojú kan táàpù.

Ara Evandro ò gbà á mọ́. “Bàbá, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un ni. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.” Ó di ògiri mú, ó fà á tagbáratagbára. Ògiri ya sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá Abelardo bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wojú Evandro.

“Ọmọ mi, ìṣẹ́jú mẹ́fà tó o kọ sínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, níbo làwọn àga wà nígbà yẹn?”

“Wọn ò... wọn ò tíì kó wọn wọlé, sà.”

“Ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún ẹ?”

Neusa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló dáhùn: “Wọ́n sọ fún un, Bàbá. Ẹni tó sọ fún un ló dúró tì mí yìí.”

4.
Ni Jandira bá gbé pátákó rẹ̀ wọlé, Bàbá Abelardo sì gbà láti dán an wò. Wọ́n so ó sí ipò èyí tó ya, wọ́n dá gbogbo àga padà sí ipò wọn, wọ́n sì tún aago bẹ̀rẹ̀. Bàbá Abelardo kúnlẹ̀ láàárín àga, ó yí bọ́tìnì mẹ́rin, ó ti ọwọ́ bọ inú, ó pa omi. Ó ti gbogbo rẹ̀ padà, ó dìde.

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mi ò sì fọwọ́ kan àga kankan. Ìyá, bíi pé o mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn mí.”

Jandira rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ra bàálù náà lọ́sẹ̀ yẹn, òṣìṣẹ́ kankan ò pàdánù iṣẹ́. Nígbà tí oṣù parí, Jandira ló jókòó sórí àga ọ̀gá ní yàrá àwọn ayàwòrán. Ní ti Evandro, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni pé àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló ń yà báyìí.

Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ fún yín o. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń ṣe, ilé ni o, aṣọ ni o, ẹ̀rọ ni o, ẹ bi ẹni tó máa tún un ṣe léèrè kẹ́ ẹ tó ní ó ti parí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí sídìí iṣẹ́ ti rí ohun tí ojú yín ò tíì rí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.