Ústáàsì Tí Kò Lè Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìparí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Sàhéèd dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ó sì fi ìdájọ́ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ opó tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

1.

Opó náà, Àlàájà Bùsírátù, wá ṣe Hájì ní Mẹ́kà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sì padà sílé. Kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Yàrá kan ló ń gbé ní Al-Baghdadiyah ní Jẹ́dà. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ìyá Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílé onílé tọ́jú ọmọ. Ọmọ márùn-ún ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, torí ta ló fẹ́ gba ẹni tí kò ní ìwé?

Hala, ọmọbìnrin ará Yemen tó ń gbé yàrá kejì, fẹ́ràn orin Sípéènì kan. Ọ̀rọ̀ kan ń padà wá ṣáá nínú rẹ̀: gàtà, gàtà. Àwọn ọmọ bá gbé e. Àlàájà béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, Hala sì nawọ́ sí ológbò tó sùn sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní "bíssà" ni, bí àwọn ará Jẹ́dà ṣe ń pe ológbò. Láti ọjọ́ náà, bí Rahma, ọmọ ọdún mẹ́rin, bá ti ń fi ahọ́n lá wàrà nínú ife, Àlàájà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Gàtà mi, rọra mu ún."

2.

Rahma gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Karimat, ìyá rẹ̀, béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lórí Wásáàpù àwọn Yorùbá Jẹ́dà àti Mẹ́kà, ó ní ọ̀rọ̀ Sípéènì ni, Àlàájà ló ń fi pe ọmọ òun. Jùbrílù, tó ń ta fóònù ní Kudai ní Mẹ́kà, ní arẹwà obìnrin ni àwọn olórin ń pè bẹ́ẹ̀. Fàrúkù, tóun náà wà níbẹ̀, ní rárá o, èébú tí wọ́n fi ń bú ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Jùbrílù ní kí Fàrúkù lọ jókòó, pé Lárúbááwá tó ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́wàá, kò tíì lè fi ra búrẹ́dì. Wọ́n fà á títí, ni ẹnìkan bá ní kí wọ́n gbé e fún Ústáàsì.

Sàhéèd ni Ústáàsì yìí. Ó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà. Kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá. Ká ní ó sọ pé òun kò mọ̀, ta ni ì bá bú u? Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára kí gbogbo ènìyàn máa dúró de ẹnu rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kan lórí fóònù, ó kà á níbẹ̀ pé nílùú kan, aṣẹ́wó ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Kò ka ojú ìwé kejì.

Jùbrílù kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀ pé ṣé ó ti bi Àlàájà fúnra rẹ̀. Ó fèsì pé ìmọ̀ ni wọ́n wá bá òun fún, wọn ò ní kí òun wá máa ṣe ìbéèrè.

Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ó fi ìyìn Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ títọ́, ó wá parí rẹ̀ pé obìnrin tó ń pe ọmọdé ní aṣẹ́wó kì í ṣe ẹni à ń fi ọmọ tì.

3.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó mú ọmọ wá. Karimat nìkan ló yọjú, òun àti Rahma, ó wá kó aṣọ ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Rahma, ẹ bi mí léèrè ná."

"Ústáàsì ti dáhùn, mà. Mẹ́kà ni wọ́n wà. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Rahma di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń nàka sí ológbò. Kò sẹ́ni tó wo ibi tó nàka sí.

4.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Sàhéèd jókòó ti Yahya níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi tọ́ Yahya dàgbà. Sàhéèd ro ẹjọ́ Àlàájà fún un, ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó fẹ́ kí ó gbè é lẹ́yìn. Yahya ní láàárín àwọn ará bàbá òun, ọmọge ni. Láàárín àwọn ará ìyá òun, ìwọ̀sí fún ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Ibòmíràn wà tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo, ológbò ni. Ó ní àwọn tó ni èdè gan-an ṣì ń jiyàn lé e lórí.

"Obìnrin tó sọ ọ́ ńkọ́? Kí ló ní lọ́kàn?"

"Mi ò bi í."

Yahya gbé ṣíbí sílẹ̀. "Sàhéèd, ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká bi ẹni tó sọ̀rọ̀ ká tó dájọ́."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Sàhéèd wọkọ̀ lọ sí Jẹ́dà. Ó bá ilẹ̀kùn Àlàájà ní títì. Hala ló sọ fún un pé nígbà tí Àlàájà kò rí iṣẹ́ mọ́, ó lọ fa ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì ti dá a padà sí Nàìjíríà.

"Ó ní kí n máa fún bíssà ní wàrà," ni Hala wí. "Èmi ni mo sọ fún un pé bíssà ni gàtà."

Ológbò náà wà níbẹ̀, ó ń lá abọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo kìlọ̀ fún yín. Kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ẹ bi ẹni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Kò dín iyì ẹnikẹ́ni kù. Ìdájọ́ Sàhéèd kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Gbogbo ohùn tó wà lórí fóònù rẹ̀ kò lè dá Àlàájà padà mọ́.

Ẹnu ọ̀nà Àlàájà ni Sàhéèd dúró sí, tó tún gba ohùn mìíràn sílẹ̀ fún gbogbo wọn:

"Èmi Sàhéèd ni. Mi ò gbọ́ Sípéènì, mo sì ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ológbò ni Àlàájà ń sọ. Mi ò bi wọ́n, mo sì bà wọ́n lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo yín. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà wọn ní Nàìjíríà, kó bá mi fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Èmi ni òṣìkà náà. Àlàájà Bùsírátù, ẹ forí jì mí."