Àga Onídùúró

Bí Ayọ̀ká, ọmọ Kétu tí a jọ ń ṣòwò, bá ru aṣọ lọ tà ní Ìmẹ̀kọ, èmi ọmọ Ìmẹ̀kọ máa ń jókòó sórí àga onídùúró lẹ́nubodè Kétu. Bí kò bá dé kí ilẹ̀kùn tó wálẹ̀ ní aago mẹ́fà, mo di ti Kétu títí ayé. Onídùúró kò sì gbọdọ̀ fọhùn.

Lónìí, ìṣẹ́jú méjì ló kù nígbà tí mo rí i tó ń sáré bọ̀. Nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó pàdé bàbá mi tí wọn ò ríran mọ́, tí wọ́n ń wá mi bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ. Ó kúnlẹ̀.

Wọ́n béèrè ọjà, wọ́n béèrè ọkọ rẹ̀. Ta ló ń dìde kí àgbà tó kí i tán?

Ilẹ̀kùn ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Àlàáfíà ló wà, bàbá."