Ìwé Méjì Tí Ardith Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ibi tó parí sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Ní ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Kentucky, ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ardith Stidham. Iṣẹ́ agbáwo ló ń ṣe nílé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì. Nígbà tí Doyle, àbúrò rẹ̀, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ akẹ́rù, Ardith fúnra rẹ̀ ló ní kí Tressa, opó rẹ̀, kó àwọn ọmọ méjèèjì wá sílé òun.

Wọ́n jọ ń gbé ni, wọn kò jọ ń jẹun. Kálukú ń ra tirẹ̀, ó ń sè é. Òfin káàdì oúnjẹ, èyí tí ìjọba fi ń fún aláìní lówó oúnjẹ lóṣooṣù, sì ni pé ẹni tó bá ń dá oúnjẹ rà, tó ń dá a sè, ilé tirẹ̀ dá dúró, bí òrùlé tiẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe kọ fọ́ọ̀mù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí kálukú fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Wọ́n fún Tressa ní irínwó dọ́là lóṣù, nítorí àwọn ọmọ. Ardith, tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gba mẹ́rìnlélógún.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n ta ló rẹ́ ẹ jẹ? Kì í ṣe Tressa.

2.
Lọ́jọ́ tí Lacy, ọmọ Doyle, pé ọmọ ọdún méje, Tressa fi káàdì ra kéèkì aláwọ̀ òdòdó. Ardith jókòó ti ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ìjọba mà ń bá yín ṣọjọ́ ìbí. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́, ẹ̀wà ni tiwa."

Tressa rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ bímọ, wọ́n á fún yín."

Ẹ̀fẹ̀ ló pè é. Kò mọ̀ pé oyún mẹ́ta ló ti bọ́ lára Ardith, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ardith ní kò sí nǹkan kan. Lacy gbé kéèkì wá fún un, kò gbà á. Inú rẹ̀ ti pinnu: òun á gba oúnjẹ káàdì yẹn kúrò lẹ́nu wọn.

3.
Ní ilé ìkàwé ìlú, kọ̀ǹpútà kan wà tí èèyàn fi lè fojú díwọ̀n iye tí ìjọba lè fún un kó tó kọ fọ́ọ̀mù. Ardith kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn mẹ́rin ló ń jẹ nínú ìkòkò kan. Ó kọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ àti owó ilé. Owó tí ìjọba ń san fún àwọn ọmọ Doyle torí bàbá wọn tó kú, kò kọ ọ́. Owó tí Tressa ń gbà níbi tó ti ń fọṣọ nílé àwọn arúgbó, kò kọ ìyẹn náà. Kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbẹ̀ pé ìfojúdíwọ̀n lásán ni. Ardith kò kà á débẹ̀.

Ó bọ́ sí ọ́fíìsì káàdì oúnjẹ. Ó ní ìkòkò kan ni àwọn ń jẹ, pé Tressa ló ń purọ́, pé òun ni olórí ilé, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí káàdì òun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Bó ṣe ń lọ sílé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti ń fojú inú rí Tressa tó gbé abọ́ dání níwájú òun, tí òun á kọ́kọ́ wò ó látòkè délẹ̀ kí òun tó bù fún un.

4.
Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gbẹ́ni Caudill wá láti ọ́fíìsì náà, ó kan ilẹ̀kùn. Ó tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì, fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ Ardith àti ẹjọ́ tó lọ fi sùn.

Ó ní, "Màmá, bó bá jẹ́ ìkòkò kan lẹ̀ ń jẹ, owó gbogbo yín ti kọjá ààlà, ẹnikẹ́ni kò ní gba kọ́bọ̀. Bí kì í bá sì í ṣe ìkòkò kan, irọ́ lẹ wá fọwọ́ sí. Èwo ni ká mú?"

Caudill ṣí fíríìjì. Ẹyin, mílíìkì, bọ́tà, gbogbo ohun tó wà ní apá kan ni Ardith fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Tressa kó rìsíìtì oúnjẹ tirẹ̀ jáde. Ó hàn pé ọ̀tọ̀ ni kálukú ń jẹ.

Caudill ní bí Tressa bá lè kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ìbínú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ òun sọ, àwọn lè mú ẹjọ́ náà rọlẹ̀. Ardith di ọwọ́ Tressa mú.

Tressa ní, "Ẹnu àwọn ọmọ àbúrò yín lẹ ti fẹ́ gba oúnjẹ. Ká ní ó ti ṣeé ṣe fún yín, ṣé ẹ̀ bá kọ̀wé fún mi?"

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀.

5.
Wọ́n gba káàdì Ardith fún ọdún kan gbáko. Tressa kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Káàdì tirẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí òtútù dé, ilé oúnjẹ dín iṣẹ́ Ardith kù. Ó lọ tò sórí ìlà níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pín oúnjẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì, tó ń kọ orúkọ, ni Tressa.

"Orúkọ?"

"Tressa, ṣebí o mọ̀ mí."

"Orúkọ yín, màmá."

"Ardith Stidham."

"Ẹni mélòó ló ń jẹun nílé yín?"

"Èmi nìkan."

Tressa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ẹni tó kàn súnmọ́ iwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, bí òfin bá rẹ́ yín jẹ, òfin ni kí ẹ bá jà. Ẹ kọ̀wé, ẹ lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ má ṣe gbẹ̀san lára àwo ọmọdé. Ohun tí ẹ bá sì fọwọ́ sí, ẹ rí i pé òótọ́ ni, torí ìwé kì í gbàgbé. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí inú ń bí lónìí, kó tó dìde nílẹ̀.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.